Ìdánrawò fún ìkóra-ẹni-níjàánu

Ìdánrawò fún ìkóra-ẹni-níjàánu ni àwọn ìgbésẹ̀ tí ènìyàn lè gbé fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkàn bá ń tì í láti ṣe ohun tí yóò pa òun tàbí ẹlòmíràn lára, bí ìbínú òjijì, olè jíjà láìnídìí tàbí tẹ́tẹ́ títa. Ó wúlò gan-an fún ẹni tí iṣẹ́ gbé wá sí Abuja, tí ó ń dá gbé láìsí àgbà nítòsí tí yóò dì í lọ́wọ́ mú. Ìwé DSM-5, ìwé atọ́nà lórí àìsàn ọpọlọ tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, ka ìbínú òjijì àti olè jíjà bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn àìlèkóra-ẹni-níjàánu, ṣùgbọ́n ó kó tẹ́tẹ́ lọ sí ìsọ̀rí bárakú.

Alan Marlatt, onímọ̀ ìhùwàsí tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ́ni pé ìfẹ́ láti ṣe nǹkan máa ń ru sókè bí ìgbì omi, tí yóò sì rọlẹ̀ bí a kò bá ṣe ohun tí ó ń fẹ́. Ká ní télọ̀ kan ní Kubwa gba owó iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, tí bọ́ọ̀lù sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó fi fóònù ta tẹ́tẹ́, yóò gbé e sílẹ̀, yóò jókòó, yóò sì kíyèsí bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kìkì àti bí ọwọ́ ṣe ń yún un, yóò máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìbá ìfẹ́ náà jà, títí tí yóò fi rọlẹ̀. Bí ó bá ti fi èyí tó pọ̀ nínú owó náà ránṣẹ́ sí alájọ kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ náà á fúyẹ́ sí i. Ìpinnu tí a ṣe nígbà tí ara ṣì balẹ̀ lágbára ju èyí tí a fẹ́ ṣe nígbà tí ara ti gbóná.

Ní 1973, Nathan Azrin àti Gregory Nunn, tí àwọn náà jẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí, gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ fún àṣà bí èékánná jíjẹ: kí ènìyàn kọ́kọ́ máa ṣàkíyèsí ìgbà tí ó ń ṣe é, kí ó sì di ìkúùkù mọ́wọ́ ní gbàrà tí ó bá mọ̀ pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìpinnu tí a ti ṣe sílẹ̀ ṣáájú tún wà: “Bí ọ̀gá bá jágbe mọ́ mi, màá lọ mu omi kí n tó fèsì.”

Àwọn oògùn kan fún àrùn Parkinson, àrùn ọpọlọ tó máa ń mú ara gbọ̀n, bíi pramipexole, lè fa tẹ́tẹ́ àṣejù; dókítà ni kí a sọ fún, kí a má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra ẹni. Ẹni tí ìdánrawò kò bá tó fún lè lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kaduna, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Abuja ní Gwagwalada.