Nǹkan kékeré ẹlẹ́nu méjì lára ẹ́ńjìnì àtijọ́

Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1973 lọ yóò bá rọ́bà oníhò tín-ín-rín níbẹ̀, tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn. Láàárín wọn, nǹkan kan wà tó máa ń rúni lójú. Idẹ ni ìdí rẹ̀, wọ́n yí i wọ ibi tí omi ẹ́ńjìnì ń gbà kọjá. Ẹnu méjì tàbí mẹ́ta yọ lórí rẹ̀, kò sì ní wáyà kankan. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni thermal vacuum switch. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè é, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni.

Ìrísí rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan. Rọ́bà ni kéèyàn tọ̀. Bí ọ̀kan bá ti ara kábúrétọ̀ wá, níbi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀, tí èkejì sì wọ orí fáàfù EGR, ìyẹn fáàfù tó ń dá èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì, tó rí róbótó bí ọmọrí ìkòkò kékeré, a ti mọ̀ pé òun ni.

Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìda ló wà. Bí omi bá tutù, ìda á sún kì, ọ̀nà á dí. Bí omi bá gbóná, ìda á wú, á ti píìnì, agbára ìfà ẹ́ńjìnì, ìyẹn bó ṣe ń fa atẹ́gùn mu, á wá ráyè dé ọ̀dọ̀ EGR láti ṣí i. Adènà tí kò lójú, tí kò létí, awọ ara nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó ṣílẹ̀kùn ṣáájú àkókò.

Ìdí tí EGR fi gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ́ńjìnì gbóná ni pé ó ń dá díẹ̀ lára èéfín padà sínú ẹ́ńjìnì. Èéfín yìí kò lè jó mọ́. Bí eérú tí wọ́n bù lé iná ló rí. Ó ń rẹ ooru sílẹ̀, kí gáàsì NOx, tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, má bàa pọ̀. Àmọ́ iná tí kò tíì ràn dáadáa, eérú a máa pa á. Ẹ́ńjìnì tó tutù á máa gbọ̀n, á sì kú.

Ibi tó ń bíni nínú ni ti àwọn tó ń dí EGR pa, wọ́n ní ó ń jẹ agbára ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tẹ tọ́tù, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, mọ́lẹ̀ pátápátá, agbára ìfà á lọ sílẹ̀, EGR á sì tì fúnra rẹ̀! Kí ni wọ́n wá jèrè? Ẹ́ńjìnì lè máa dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bó bá ń gun òkè, torí pé àwọn tó ṣe é ti ka èéfín yẹn mọ́ àkókò tí pílọ́ọ̀gì ń ta iná.

Àbùkù gidi tó wà níbẹ̀ ni rọ́bà. Ó ń gbẹ, ó ń sán, ìda kò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Láti dán ilẹ̀kùn yìí wò, kí wọ́n yọ rọ́bà rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, kí wọ́n fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu kan. Kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ó gbọ́dọ̀ kọjá. Ti àwọn kan lódì sí èyí, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ wo àwòrán rọ́bà tó sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.