Bí tábìlì hash ṣe ń mú kí wíwá dátà yá

Fáìlì kan ní ìlà mílíọ̀nù kan. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹnì kan àti ọjọ́ orí rẹ̀ ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Fáìlì kejì kó nọ́ńbà 100,000 wá, ó fẹ́ mọ ọjọ́ orí àwọn tó ni wọ́n. Bí kóòdù bá ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́ nígbà gbogbo, nǹkan bí ìlà 500,000 ni yóò máa yẹ̀ wò kó tó kan nọ́ńbà kan. Ìfiwéra bílíọ̀nù 50 nìyẹn, fún iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Tí fáìlì náà bá wà létòlétò, tí kóòdù sì ń gé e sí méjì léraléra, nǹkan bí ìfiwéra 20 ti tó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Tábìlì hash kì í tiẹ̀ wá nǹkan kiri: ìṣirò ló fi ń mọ ibi tí nǹkan wà.

Ẹ jẹ́ ká mú tábìlì kékeré tó ní àyè 8, láti 0 dé 7. Bí kọ́kọ́rọ́ (nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ tí a fi ń wá nǹkan) 1037 bá dé, tábìlì á pín in sí ọ̀nà 8, á ku 5. Àyè 5 ni ọjọ́ orí ẹni náà yóò wà. Nígbà tí kóòdù bá padà béèrè 1037, ìṣirò kan náà ni, àyè kan náà ni. Ì báà jẹ́ mílíọ̀nù àyè ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò le sí i. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ ọ̀rọ̀, hash function á kọ́kọ́ sọ àwọn lẹ́tà rẹ̀ di nọ́ńbà ńlá kan.

Ṣùgbọ́n 2053 náà ń bọ̀, 5 ni òun náà máa ń ṣẹ́kù. Environment, tábìlì hash inú R (èdè kóòdù fún ìṣirò dátà), á so àwọn méjèèjì pọ̀ sí àyè kan náà. Dict, tábìlì hash ti èdè kóòdù Python, á wá àyè mìíràn tó ṣófo fún ẹni tó dé kẹ́yìn. Ìdí nìyí tí tábìlì fi ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ gan-an pẹ̀lú iye rẹ̀, kó má baà fún ẹni ẹlẹ́ni ní ọjọ́ orí ẹlòmíì. Bí àyè ṣe ń kún ni irú ìforígbárí yìí ń pọ̀, nítorí náà tábìlì á fẹ̀ sí i. Tó bá di àyè 16, 1037 á lọ sí 13, 2053 á dúró sí 5. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún ṣírò.

Nínú R, `match()`, tó ń sọ ibi tí nǹkan wà, àti `%in%`, tó ń sọ bóyá ó wà níbẹ̀, ń kọ́ tábìlì hash lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó kó nọ́ńbà 100,000 fún `match()` lẹ́ẹ̀kan náà ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹni tó fi í sínú loop (kóòdù tó ń tún iṣẹ́ kan ṣe léraléra), tó ń béèrè níkọ̀ọ̀kan, ń dá iṣẹ́ sí ara rẹ̀ lọ́rùn. List tó ní orúkọ kì í ṣe tábìlì hash, bó tilẹ̀ jọ ọ́: ńṣe ni R ń ka àwọn orúkọ náà láti òkè. `new.env()`, tó ń dá environment sílẹ̀, ló ń kọ́ tábìlì hash, ọ̀rọ̀ nìkan ló sì ń gbà ní kọ́kọ́rọ́. Láti R 4.2.0, lọ́dún 2022, `hashtab()` ń gba oríṣi kọ́kọ́rọ́ mìíràn.

Ní SAS, èdè kóòdù mìíràn fún ìṣirò dátà, hash object (tábìlì hash tirẹ̀) ń gbé fáìlì kékeré sínú mẹ́mọ́rì, kò sì sí pé à ń to fáìlì méjèèjì bíi ti MERGE, àṣẹ tó ń da fáìlì pọ̀. `find()` á dá 0 padà tó bá rí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá rí i, tó sì jẹ́ `if 0 then set` (ìlà tó ń jẹ́ kí SAS mọ orúkọ àwọn òpó láìka dátà) ni wọ́n fi pe àwọn òpó, ọjọ́ orí ẹni ìṣáájú á ṣì wà níbẹ̀, á sì bá ìlà tuntun lọ láìsí ariwo. `call missing` ni kí wọ́n fi nù ún kúrò.

Nọ́ńbà oní-dẹ́símà kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ rere, torí 0.1 + 0.2 kì í bá 0.3 dọ́gba nínú kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ ni tábìlì hash kò lè sọ àwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 40, nítorí ó ti da ètò nọ́ńbà rú. Fáìlì tí a tò létòlétò ló dára jù fún ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni à ń wá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká ka fáìlì láti òkè ló yá ju ká ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tábìlì lọ.