Ẹ̀wà, Sniper àti GMO: èwo gan-an ló yẹ kó bà wá lẹ́rù?

Tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ olóró bá ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa, kíá la máa ń po oògùn kòkòrò bíi Sniper, GMO (irúgbìn tí àwọn onímọ̀ yí àbùdá rẹ̀ padà) àti mágì sínú ìkòkò kan náà. Mo fẹ́ tú wọn sọ́tọ̀. Ẹ̀wà ni mo mú lò, nítorí ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kàn án.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi Sniper sí ẹ̀wà?

Òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ta ẹ̀wà ló ń ṣe é. Dichlorvos ni oró tó wà nínú Sniper, òun náà ló sì sábà máa ń wà nínú ọ̀tapiápiá tí wọ́n ń kiri. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Ìwọ̀n dichlorvos tí òfin wọn gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Nínú ẹ̀wà tí wọ́n dá dúró, wọ́n rí láti 0.03 títí dé 4.6. Ìyẹn ni pé èyí tó mọ́ jù nínú wọn jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òfin gbà, èyí tó burú jù sì jẹ́ ìlọ́po 460.

Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò Sniper kéékèèké 100ml tí gbogbo ayé ń rà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà tún kìlọ̀ pé àwọn kan ṣì ń fi í sí ẹ̀wà lọ́jà.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà wa ti ń wá, ó sì lè pẹ́ lóṣù mélòó kan nínú àpò kó tó dé Bódìjà, kó tó di pé wọ́n wọ̀n ọ́n ní kóńgò fún wa. Kòkòrò ẹ̀wà a máa yé ẹyin sára èèpo, ọmọ rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọ inú, á sì jẹ ẹ́ títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Owó oníṣòwò ló ń jẹ yẹn. Mo mọ ìdí tí ìdẹwò náà fi lágbára, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di ohun tó bójú mu.

Kí ni dichlorvos ń ṣe nínú ara?

Iṣan ara ló ń bá jà. Nígbà tí iṣan bá ti jíṣẹ́ tán, ohun kan wà nínú ara tó máa ń pa àṣẹ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun yẹn gan-an ni dichlorvos ń dí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ á wá máa lọ láìdúró. Itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, ojú á ṣe bàìbàì, inú á máa run, èémí á ṣòro. Bó ṣe ń pa kòkòrò náà nìyẹn.

Ẹ̀wà tí oògùn díẹ̀ wà lára rẹ̀ lè má fa irú èyí lójú ẹsẹ̀, ó sì jẹ́ apá kan ewu rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa mọ̀. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, IARC, ti kà á mọ́ àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ.

Tí mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa tí mo sì sè é, ṣé kò ní lọ?

Á dín kù, kò dájú pé á tán. Omi àti iná máa ń ba dichlorvos jẹ́. Rẹ ẹ̀wà, fọ̀ ọ́, bọ̀ ọ́, da omi àkọ́kọ́ nù, kí o tó fi omi mìíràn sè é. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́ nítorí inú kíkún. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ́n ọn sí i kẹ́yìn ṣe pàtàkì. Ẹ̀wà tí wọ́n fọ́n oògùn sí lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fọ́n ọn sí lánàá, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Tó bá ń ta òórùn oògùn ní ìsọ̀, má rà á.

Ṣé èyí tó ní kòkòrò ló dáa jù nígbà náà?

Kòkòrò tó wà láàyè fi hàn pé oògùn kò pọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ pé lánàá ni oníṣòwò rí kòkòrò, kí ó máa múra àtifọ́n oògùn lọ́la.

Kí ni kí oníṣòwò wá ṣe?

Kó tọ́jú ẹ̀wà sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, tí àwọn onímọ̀ Fásitì Purdue ní Amẹ́ríkà ṣe pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Cameroon. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò híhun ló wà níta. Tí a bá dì í pinpin, kòkòrò tó wà nínú á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò sì kú. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Nílé, kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ dáadáa tí ìdérí rẹ̀ le á ṣiṣẹ́ kan náà bó bá kún dé ẹnu. Fírísà náà ń pa wọ́n.

Àwọn kan ń lo oògùn oníhóró tó máa ń di gáàsì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó fi ṣe ìsọ̀ tó tì pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sùn sínú yàrá tó wà. Ó ti pa odidi ìdílé rí.

Ẹ̀wà GMO ńkọ́? Ṣé kì í ṣe òun ló burú jù?

Lójú tèmi, òun ló kẹ́yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn onímọ̀ ní IAR, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ti Fásitì Ahmadu Bello ní Zaria, ló ṣe é, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 2019. Orúkọ rẹ̀ ni SAMPEA 20-T. Wọ́n mú àbùdá kan lára bakitéríà inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bt, wọ́n fi sínú ẹ̀wà kó lè dojú kọ Maruca. Maruca jẹ́ ìdin àfòpiná kan tó ń jẹ òdòdó àti pódì ẹ̀wà lóko. Ó lè kó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè lọ. Àgbẹ̀ tó ń fọ́n oògùn ní ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ lè wá fọ́n ọn ní ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí àwọn kòkòrò mìíràn tí Bt kò mú.

Inú ìfun ìdin náà ni Bt ti ń ṣiṣẹ́. Oje inú ikùn tiwa máa ń kan bí ọsàn kíkan, ó sì ń dà á bí ó ṣe ń da èròjà oúnjẹ mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà rárá ti ń fọ́n Bt sí oko wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Oko ni Maruca ń gbé, kòkòrò tó ń da ẹ̀wà rú nínú àpò yàtọ̀ sí i. Àbùdá Bt yìí kò sì lè pa ti inú àpò. Nítorí náà, ẹni tó ń sá fún GMO lè lọ ra ẹ̀wà ìbílẹ̀ tí Sniper ti rin gbingbin, ẹni tó sì ra ti GMO kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù méjì ni mo gbà pé ó tọ́. Bt lè mọ́ ìdin lára bí ọjọ́ ti ń lọ, nítorí àbùdá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Èkejì, kò sí ẹni tó lè sọ fún oníbàárà èyí tó ń rà nígbà tó jẹ́ kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́jà.

Wọ́n ní irúgbìn GMO kì í hù tí a bá tún un gbìn.

Ti ẹ̀wà yìí ń hù. Àgbẹ̀ lè fi pamọ́ kó tún gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀.

Mágì àti oúnjẹ ilé iṣẹ́ ńkọ́?

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí wọ́n yí padà ló léwu. Gàrí, ògì, èlùbọ́ àti irú, ọwọ́ ènìyàn ló yí gbogbo wọn padà. Ọ̀mọ̀wé Carlos Monteiro ti Fásitì São Paulo ní Brazil ló ṣáájú àwọn tó pín oúnjẹ sí ìsọ̀rí mẹ́rin, èyí tí wọ́n ń pè ní NOVA. Ìsọ̀rí kẹrin ni ti ilé iṣẹ́ pátápátá: nudulu, bisikíìtì, ẹlẹ́rìndòdò.

Ní 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gba ènìyàn 20 sínú ilé ìwádìí. Wọ́n jẹ irú oúnjẹ yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì jẹ oúnjẹ gidi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí oníkálukú jẹun bó ṣe wù ú. Ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá inú méjèèjì tí wọ́n gbé síwájú wọn bára dọ́gba. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń jẹ ti ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ nǹkan bí kálórì 500 lé lójúmọ́, wọ́n sì sanra sí i.

Ní ti mágì, iyọ̀ ló kó bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù márùn-ún lójúmọ́. Ẹni tó ju mágì mẹ́rin sínú ẹ̀wà, tó tún bu iyọ̀ sí i, kí ó mọ̀ pé iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló bù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa wá ju GMO lọ.

Ọmọ mi gbé ìgò oògùn kòkòrò mu. Ṣé kí n fún un ní epo pupa?

Rárá o. Má fún un ní epo, má fún un ní wàrà, má sì fipá mú un bì, kó má baà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bọ́ aṣọ tó ti kàn lára rẹ̀, fi ọṣẹ àti omi fọ awọ ara rẹ̀, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mú ìgò náà dání, kí dókítà lè mọ̀ bóyá atropine, oògùn tó ń bá irú oró yìí jà, ni yóò fún un.