Ta Ló Fún Ọ Láṣẹ? Bí Mo Ṣe Ń Ka Ìwé Òfin Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Màmá kan wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó gbá fáìlì kan mọ́ àyà. Adájọ́ ìpínlẹ̀ ti rán ọmọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, ó sì fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà sí ààrẹ Amẹ́ríkà pé kó foríjì í. "Lọ́yà, ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́. Ààrẹ ló ni ilẹ̀. Tó bá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ta ni yóò bi í?" Mo ní, "Ẹ jókòó, mà. A lè kọ lẹ́tà náà, àmọ́ ààrẹ ò lágbára lórí ẹjọ́ yìí rárá." Ó wò mí bí ẹni pé n kò fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Kì í ṣe màmá yìí nìkan. Mo máa ń kọ́ àwọn èèyàn wa tó ń múra ìdánwò láti di ọmọ onílùú, bí mo bá sì bi wọ́n pé ta ló láṣẹ jù ní Amẹ́ríkà, "ààrẹ" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Kò yà mí lẹ́nu. Nílé tí a ti wá, Abùjá ni gbogbo ojú ń wò. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979, tó mú ìjọba oníààrẹ wọlé dípò irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ara Amẹ́ríkà ló ti kọ́ ọ, orúkọ ipò wọn sì jọra: ààrẹ, gómìnà, sẹ́nétọ̀. Ìjọra orúkọ yìí gan-an ló ń ṣi wá lọ́nà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan ṣoṣo ka ìwé òfin náà: ta ló fún ọ láṣẹ? Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, títí dórí ààrẹ, tó yẹ kó ṣe ohunkóhun lórúkọ ìjọba àfi bó bá lè tọ́ka sí ibi tí àṣẹ náà ti wá. Ó lè jẹ́ gbólóhùn kan nínú ìwé òfin ilẹ̀, ó sì lè jẹ́ òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àwọn aṣòfin ìjọba àpapọ̀, ṣe lábẹ́ ìwé náà. Bí kò bá rí ọ̀kankan tọ́ka sí, kò láṣẹ nìyẹn.

Ìwé náà kò gùn. Orí méje péré ni, èèyàn lè kà á tán kí ẹ̀wà tó jinná. Orí kìíní kì í ṣe ti ààrẹ, ti àwọn aṣòfin ni, òun nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Àwọn aṣòfin ló ń bu owó orí, àwọn ló ń sọ bí wọ́n ṣe máa ná an, àwọn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kéde ogun. Ilé méjì ni wọ́n. Ilé aṣojú-ṣòfin ní ọmọ ilé 435, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń lò, bí èrò ìpínlẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni aṣojú rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀. Ilé aṣòfin àgbà ní ọmọ ilé 100, ọdún mẹ́fà mẹ́fà. Níbẹ̀, California tí èrò rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 38 àti Wyoming tí èrò rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan, sẹ́nétọ̀ méjì méjì ni wọ́n ní. Orí kejì ló kan ààrẹ, ẹ̀kẹta ló kan ilé-ẹjọ́.

Ẹ̀rù méjì ló bí ètò yìí. Àwọn tó kọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn ò fẹ́ kí agbára tún kó sọ́wọ́ ẹnì kan mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tọ́ ìjọba tí kò lágbára náà wò. Àdéhùn tí ìpínlẹ̀ mẹ́tàlá tó kọ́kọ́ para pọ̀ di Amẹ́ríkà fi ń ṣèjọba láti 1781 kò jẹ́ kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bu owó orí, ó kàn lè bẹ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n dá owó ni. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn dìde ní Massachusetts ní 1786, tí wọn ò jẹ́ kí ilé-ẹjọ́ jókòó, ìjọba àpapọ̀ kò lówó tí yóò fi kó ọmọ ogun jọ. Ní 1787, aṣojú 55 pàdé ní Philadelphia láti oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹsàn-án. Rhode Island kò rán ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, àwọn 39 buwọ́ lu ìwé náà.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tí n kì í fò, kódà bí àkókò bá ń lọ. Àwọn ọkùnrin yẹn, tí púpọ̀ nínú wọn ní ẹrú nílé, kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá ń ka èrò láti fi pín aṣojú, ẹrú márùn-ún ni kí wọ́n kà sí èèyàn mẹ́ta. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" hàn nínú ìwé, "àwọn èèyàn mìíràn" ni wọ́n pe àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lérú. Ó gba ogun abẹ́lé àti àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin náà, ní 1865, kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú. Ẹ rántí ogun yẹn, torí pé nínú àwọn àtúnṣe tó tẹ̀lé e ni apá tó pọ̀ nínú ẹ̀tọ́ àwa àjèjì ti wá.

Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n rí bí ìbéèrè mi ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ Ààrẹ Harry Truman ni mo máa ń sọ fún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1952, ogun Kòríà ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin sì fẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀. Truman rò ó pé bí irin bá dáwọ́ dúró, ohun ìjà kò ní tó àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́. Ó pàṣẹ kí Charles Sawyer, tó ń bójú tó ètò ìṣòwò nínú ìjọba rẹ̀, gba àwọn iléeṣẹ́ náà sọ́wọ́ ìjọba. Àwọn oníléeṣẹ́ gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ìwádìí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ kò ju èyí lọ: níbo ni wọ́n ti fún ààrẹ láṣẹ yìí? Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, wọn ò sì rí gbólóhùn tó fún un láṣẹ nínú ìwé òfin ilẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, adájọ́ mẹ́fà ní kò láṣẹ, mẹ́ta gbè é.

Ohun tó máa ń wú mi lórí jù nínú ẹjọ́ náà ni pé nínú adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ẹyọ kan tí kì í ṣe Truman ló yàn án tàbí Roosevelt, tó jẹ́ ààrẹ ṣáájú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Truman fúnra rẹ̀ yan mẹ́rin, méjì nínú wọn sì wà lára àwọn tó dá a lẹ́bi. Orí kẹta ló fún wọn láyà: adájọ́ wà nípò níwọ̀n ìgbà tó bá ń hùwà dáadáa, ààrẹ tó yàn án kò lè lé e, ẹnikẹ́ni kò sì lè dín owó rẹ̀ kù. Inú Truman kò dùn sí ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ló dá àwọn iléeṣẹ́ padà fún àwọn tó ni wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ó sì lé ní àádọ́ta ọjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ màmá. Àtúnṣe kẹwàá sọ pé agbára tí ìwé òfin kò bá gbé fún ìjọba àpapọ̀, tí kò sì fi de àwọn ìpínlẹ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ tàbí ọwọ́ aráàlú ló wà. Ẹ wo ohun tí ìyẹn kó pọ̀: ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀, ogún, ìwé ìwakọ̀, ilé-ìwé, àti èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn olè, ìjà àti ìpànìyàn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kó wà. Níbí, ìlú ní tirẹ̀, káúńtì ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀. Gómìnà kì í ṣe ọmọọṣẹ́ ààrẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá ta ko òfin ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ààrẹ lè foríjì. Ti ìpínlẹ̀, gómìnà ni, àmọ́ níbòmíì ìgbìmọ̀ kan ló ń dá a rò tàbí tó ń bá gómìnà pinnu. Nítorí náà ọ́fíìsì gómìnà ni a darí lẹ́tà màmá sí. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ físà tàbí káàdì àwọ̀ ewé (ìwé tó ń jẹ́ kí àjèjì máa gbé níbí) ló gbé e wá, lẹ́tà sí gómìnà ni ì bá jẹ́ asán, torí ìjọba àpapọ̀ ló ni ìyẹn.

Wọ́n lè tún ìwé náà ṣe, àmọ́ kò rọrùn. Ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbà ṣe é ni pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní láti fọwọ́ sí i, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìpínlẹ̀, èyí tó jẹ́ 38 nínú 50. Àtúnṣe 27 ló ti wọlé látìgbà yẹn. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, tó kan owó oṣù àwọn aṣòfin, 1789 ni wọ́n dábàá rẹ̀, 1992 ló tó wọlé.

Ẹ̀tọ́ ló kù, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn wa ti máa ń rẹ ara wọn sílẹ̀ jù. "Èmi ò tíì di ọmọ onílùú, òfin wọn ò kàn mí." Ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dárúkọ Yick Wo fún un. Orúkọ tí ìwé ẹjọ́ pe alágbàfọ̀ kan láti Ṣáínà nìyẹn, ó ti ń fọṣọ ní San Francisco fún ọdún 22. Ìlú ṣòfin pé ẹni tó bá ń fọṣọ nínú ilé onípákó ní láti gba ìwé àṣẹ. Nǹkan bí 200 ọmọ Ṣáínà bèèrè, wọ́n ní rárá fún gbogbo wọn. Nínú nǹkan bí 80 tí kì í ṣe ọmọ Ṣáínà, ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí i gbà. Yick Wo ń fọṣọ rẹ̀ lọ, wọ́n bu owó ìtanràn dọ́là mẹ́wàá fún un, kò san án, wọ́n tì í mọ́lé.

Lákòókò yẹn, òfin tilẹ̀ dí ọ̀nà kí ọmọ Ṣáínà di ọmọ onílùú. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kẹrìnlá, ọ̀kan lára àwọn tó tẹ̀lé ogun abẹ́lé, kò sọ pé ọmọ onílùú nìkan ni kí ìpínlẹ̀ dáàbò bò bákan náà lábẹ́ òfin. "Ẹnikẹ́ni" ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní 1886, gbogbo adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé alágbàfọ̀ náà wà lára "ẹnikẹ́ni" yẹn, wọ́n sì ní kí wọ́n tú u sílẹ̀.