Amẹ́ríkà gé owó ìrànwọ́: kí ló kàn wá l'Ékòó?

Láti ìgbà tí Amẹ́ríkà ti sé owó ìrànwọ́ rẹ̀ ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé láti Mushin, Yábàá àti Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn kan ń bẹ̀rù, inú àwọn kan sì ń dùn pé gbèsè ti tán. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Lọ́jọ́ tí Donald Trump padà sípò, 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ó pàṣẹ pé kí ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́ ná. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ò tíì pé tí wọ́n fi fagi lé ìdá 83 nínú 100 iṣẹ́ tí USAID, àjọ tó ń pín ìrànwọ́ Amẹ́ríkà nílẹ̀ òkèèrè, ń ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje, wọ́n kó ohun tó kù lé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn lọ́wọ́.

Ṣé gbèsè tí a jẹ World Bank náà ti wọgbó nìyẹn?

Rárá o. Ẹ̀yáwó nìyẹn, a ó san án.

Ṣé àwa la fẹ́ jẹ Amẹ́ríkà run lóòótọ́?

Bí ìjọba wọn bá ná 100 dọ́là, ìrànwọ́ fún gbogbo ayé kì í ju nǹkan bíi dọ́là kan lọ.

Kí ló dé táwọn kan fi ní ìrànwọ́ náà ò tọ́ látilẹ̀?

Èyí gba sùúrù. Òfin Amẹ́ríkà ní ó kéré tán, ìdajì oúnjẹ ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ta àsíá Amẹ́ríkà, ì báà wọ́n ju ọkọ̀ ẹlòmíì lọ. Ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tiwọn ni wọ́n sì ti ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé àwọn fún ẹni tébi ń pa, apá kan ò jáde nílé rí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. PEPFAR, ètò Amẹ́ríkà láti gbógun ti HIV, tí ààrẹ wọn nígbà náà, George W. Bush, dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn lọ́wọ́ HIV. Ibi tó ti wọ́ ni pé owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń gba aláìsàn nímọ̀ràn, tó ń tọ́jú fáìlì, kì í ti àpò ìjọba wa wá. Àṣẹ kan dé láti Washington, níbòmíì oògùn wà lórí pẹpẹ, ẹni tí yóò pín in ti gbalé lọ. Ìrànwọ́ tó bá tọ́ máa ń ti ìbẹ̀rẹ̀ dá ọjọ́ tí onílé, ìyẹn orílẹ̀-èdè tó ń gba ìrànwọ́, yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, ìwé owó oṣù onílé ni orúkọ òṣìṣẹ́ sì máa ń wà.

Onílé náà lẹ́bi tirẹ̀. Lọ́dún 2001 àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 ìsúná àwọn yóò máa lọ sórí ètò ìlera. A ò débẹ̀ rí. Abuja ni wọ́n sì ti ṣèpàdé náà. Àwa la gbàlejò.

Òkirika Yábàá ńkọ́, ṣé ìrànwọ́ ni?

Ọjà ni. Ẹni tó bọ́ aṣọ sílẹ̀ nílùú òyìnbó lè fi ta ọrẹ; àwọn tó gbà á tà á fún oníṣòwò, ó di bélì. Òfin wa ní kó má wọlé rárá, àmọ́ ẹ délẹ̀ Yábàá wò.

Oògùn HIV ni mò ń lò. Ṣé kí n máa bẹ̀rù?

Ẹ má dá a dúró, ẹ má sì máa gé hóró kan sí méjì kó lè pẹ́. Bí oògùn bá ń já lára, kòkòrò náà á pọ̀ sí i, ó sì lè dẹni tí oògùn yẹn ò ràn mọ́. Kí oṣù kìíní 2025 tó parí ni Amẹ́ríkà ti yọ ìtọ́jú tó ń gba ẹ̀mí là sílẹ̀ nínú àṣẹ náà. Lóṣù kejì, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù ₦4.8 láti ra oògùn HIV. Àwọn aṣòfin náà fi bílíọ̀nù ₦300 kún owó ìlera ọdún yẹn. Bẹ́ẹ bá dé ibi tẹ́ẹ ti ń gbà á tẹ́ẹ bá a ní títì, ẹ mú káàdì yín lọ sí NIMR, iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ìjọba, ní Yábàá tàbí LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì, ní Ìdí-Àràbà kí ogún ọjọ́ tó kù nínú ike yín tó di ọjọ́ méjì.

Wọ́n fi lẹ́tà WhatsApp ránṣẹ́ pé kí n fi BVN gba "owó ìrànwọ́ tó ṣẹ́ kù".

Gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa á rẹ́, kẹ́ẹ sì sọ fún màmá yín kó tó fi ti ẹ̀ ránṣẹ́.