Àlàyé ìtọ́jú jẹjẹrẹ fún aláìsàn (Ògbómọ̀ṣọ́)

Àlàyé ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni gbogbo iṣẹ́ tí dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn mìíràn ń ṣe kí ọ̀rọ̀ àìsàn náà, ìtọ́jú ẹ̀, ìwádìí tí wọ́n lè fi lọ èèyàn, àti ibi tí òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń gbọ́ lè yé aláìsàn àti ẹbí ẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí sábà máa ń já lé léjìká, torí òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ èsì àyẹ̀wò, Yorùbá sì lọ̀pọ̀ aláìsàn gbọ́.

Ibi ìtọ́jú

Iṣẹ́ ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, ọsibítù wọn ló di Bowen University Teaching Hospital, LAUTECH, yunifásítì ìjọba tó wà níbẹ̀, náà sì ní ọsibítù tiẹ̀ nílùú. Ẹni tó bá nílò ìtànṣán (radiotherapy, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sára láti pa jẹjẹrẹ), UCH Ìbàdàn, ọsibítù ńlá tí wọ́n ṣí ní 1957, ni wọ́n sábà máa ń darí ẹ̀ sí, ìrìn bíi 100 kìlómítà. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni ìtànṣán sábà máa ń jẹ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí náà ibi tí aláìsàn á máa sùn n'Íbàdàn wà lára àlàyé tó yẹ kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kìíní, ẹni tó bá rò pé òun á máa ti Tákìe n'Ógbómọ̀ṣọ́ lọ kóun máa padà wá lójoojúmọ́ lè má parí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣini lọ́nà

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Wọ́n á kọ ọ́ sínú èsì jẹjẹrẹ ọmú pé ó "pọ́sítíìfù" sí họ́mónù, ìyá tó ti ń gbọ́ pọ́sítíìfù lórí ọ̀rọ̀ éèdì láti ọjọ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bẹ́ẹ̀ ohun tó túmọ̀ sí ni pé oògùn bíi tamoxifen lè ràn án lọ́wọ́. Ẹlòmíì á gbọ́ pé tòun "nẹ́gátíìfù" lọ́nà mẹ́ta (ìyẹn ni pé kò sí àmì họ́mónù méjèèjì àti HER2 tí wọ́n ń wá lára kókó náà), á máa dúpẹ́, kò sì mọ̀ pé irú èyí ni oògùn họ́mónù kì í ràn, tó jẹ́ kẹmó, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ni wọ́n sábà máa ń gbára lé. Irú ẹ̀ yìí sì wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju ti àwọn òyìnbó lọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Sítéèjì náà ń dà wọ́n láàmú. Ibi tí àìsàn rìn dé nínú ara ni sítéèjì 1 sí 4 ń sọ, kì í ṣe iye ọdún tó kù féèyàn láyé.

Tí wọ́n bá ń fún èèyàn ní kẹmó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kókó lè rọ̀ kó sì kéré, àwọn kan á ní ó ti tán, wọn ò ní padà wá. Èyí máa ń rọrùn láti ṣẹlẹ̀ níbi tí àkọ́bí bá ti sọ fún dókítà pé "ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́", torí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kókó lásán ni, kí ló fẹ́ máa gba abẹ́rẹ́ kiri fún nígbà tí kókó ti lọ?

Oògùn kẹmó pupa tí wọ́n ń pè ní doxorubicin máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ pupa fún ọjọ́ kan sí méjì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ èyí tó léwu ni ara gbígbóná. Bíi ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kẹmó, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà máa ń dín kù gan-an, tí ara bá wá gbóná dé 38 lórí tẹmọmítà, ọsibítù ni kíá, lóru náà ni, nílé wa sì rèé, ibà la máa kọ́kọ́ pè é, a ó se àgbo, a ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísìtì, ilẹ̀ á mọ́. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì ráyè sọ fún aláìsàn kẹmó, èyí ni kó sọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yé èèyàn ni kí wọ́n ní kó tún un sọ, kì í ṣe "ṣó yé yín?", torí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. "Màmá, tẹ́ ẹ bá délé, kí lẹ máa sọ fún Bàbá pé dókítà wí?" dáa jù ú lọ.

Ìwádìí

N'Íbàdàn, wọ́n ti ń kọ iye àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1960 sí 1969. Dókítà jẹjẹrẹ kan, Olufunmilayo Olopade, tó kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú tó ń rìn nínú ẹbí.

Tí wọ́n bá ní kí aláìsàn wọ ìdánwò oògùn, ìpele 1 ń wá ìwọ̀n tí ara lè gbà, ìpele 3 ń fi oògùn tuntun wé èyí tí wọ́n ti ń lò. Nínú irú ìpele 3 yìí, kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń pín èèyàn, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké nínú Bíbélì, dókítà kì í mú ẹni tó wù ú. Aláìsàn lè kọ̀, ó sì lè jáde nígbàkigbà, ìtọ́jú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tìtorí ẹ̀ yí padà.

Ewé àti ìkéde oògùn

Kò ṣe é sọ pé ewé ò wúlò, vincristine tí wọ́n ń lò nínú kẹmó, ara ewéko kan láti Madagascar ni wọ́n ti yọ ọ́, àmọ́ wọ́n mọ ìwọ̀n tó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ò mọ iye tó wà nínú ife àgbo, ẹ̀dọ̀ tó ń bá oògùn kẹmó ṣiṣẹ́ náà ló máa bá àgbo ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí aláìsàn sọ ohun tó ń mu fún dókítà, kí dókítà náà má sì bú u.

Nọ́ńbà NAFDAC lára ike àgbo kò sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ, àwọn míì tiẹ̀ kọ ọ́ sí i pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ̀rí lórí rédíò náà, àwọn tó yè ló ń jẹ́ ẹ, a kì í gbọ́ iye àwọn tó mu ún tí wọ́n ti kú.

Ibi tí a ti lè kà

National Cancer Institute ti Amẹ́ríkà ní àlàyé fún aláìsàn lọ́tọ̀, fún dókítà lọ́tọ̀, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Àjọ WHO àti American Cancer Society náà ní tiwọn. Òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, torí náà ọmọ tó bá ń kà á fún òbí ẹ̀, kó wo ọjọ́ tí wọ́n tún un kọ kẹ́yìn, kó sì mú un lọ bá nọ́ọ̀sì ní klíníìkì tó ń bọ̀.