Bí DPDK ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí VM tó wà lókè òkun

Kò dìgbà tí ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ bá ra sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá) olówó gọbọi kó tó lè lo DPDK, àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà gba pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ̀kì, kíákíá. VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fútíwià dá sínú sáfà ilé-iṣẹ́ kan, tó bá yá ní Paris tàbí Cape Town tó fún un. Àmọ́ VM kì í ṣe sáfà tó wà nínú yàrá ẹni, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ọ̀pọ̀ kì í rò tẹ́lẹ̀.

Káàdì nẹ́tíwọ̀kì 10 Gbps lè gba pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké mílíọ̀nù 14.88 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nánósẹ́kọ́ǹdù 67 péré ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kernel Linux, apá ètò Linux tó ń darí ẹ̀rọ, kì í lè bá irú eré bẹ́ẹ̀ dọ́gba. Káàdì á ké sí prọ́sẹ́sọ̀ pé kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kernel á yẹ pákẹ́ẹ̀tì wò, á dà á kọ sí ibòmíràn nínú mẹ́mọ́rì, kó tó kan ètò tó ń dúró dè é. Ó dà bí ẹrù tó ti Àjàṣẹ́ ń lọ sí Nàìjíríà, tí wọ́n já sílẹ̀ ní Ìgólò, tí wọ́n tún kó sínú ọkọ̀ mìíràn kó tó wọ Ìdíìrókò.

DPDK, tí Intel bẹ̀rẹ̀ ní 2010, tó sì bọ́ sábẹ́ Linux Foundation ní 2017, gba káàdì lọ́wọ́ kernel pátápátá. Ètò tiwa fúnra rẹ̀ ló ń bá káàdì ṣe, core kan (ọ̀kan nínú àwọn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú prọ́sẹ́sọ̀) sì ń yẹ̀ ẹ́ wò láìsinmi bóyá pákẹ́ẹ̀tì ti dé. Ìdí nìyẹn tí core náà fi ń wà ní 100% kódà nígbà tí ohunkóhun kò wọlé. Kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n kí a má gbé e sórí VM ẹ̀yà T ti Amazon, ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní VM, tí wọ́n fún ní ìwọ̀n agbára CPU tó ń tán bí a ṣe ń lò ó: kíá ni yóò jẹ ẹ́ tán.

Gbígba káàdì lọ́wọ́ kernel yìí léwu fún ẹni tó jìnnà. SSH, ọ̀nà tí a fi ń tẹ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà tó jìnnà, ni ẹni tó jókòó sí Ṣábẹ̀ẹ́ sábà ń gbà dé VM rẹ̀, inú káàdì sì ni SSH ń gbà. Bó bá so káàdì kan ṣoṣo tó ní mọ́ DPDK, SSH já nìyẹn. Káàdì méjì ni kí a béèrè, ọ̀kan fún SSH, ọ̀kan fún DPDK. Àṣẹ dpdk-devbind.py --status ń fi nọ́ńbà PCI wọn (àdírẹ́sì káàdì kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ) hàn, ó sì ń kọ Active sí ara èyí tí kernel ń lò lọ́wọ́. Kò ní gbà kí a yọ ìyẹn àfi tí a bá fi --force kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un.

Meson àti ninja, irinṣẹ́ méjì fún kíkọ́ ètò, ni a fi ń kọ́ DPDK látinú kóòdù rẹ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀. Inú tmux, ètò tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró bí SSH bá já, ni kí a ti ṣe é, kí iṣẹ́ má bàa dúró bí nẹ́tíwọ̀kì fóònù bá lọ ní Kétu.

Lẹ́yìn èyí ló kan mẹ́mọ́rì. Linux máa ń pín mẹ́mọ́rì sí ègé tí a ń pè ní ojú-ewé. Ojú-ewé 4 KB ló sábà ń lò, nítorí náà 1 GB jẹ́ ojú-ewé 262,144. Àyè tí prọ́sẹ́sọ̀ fi ń rántí ibi tí wọ́n wà kò tó nǹkan. Ojú-ewé 2 MB sọ ọ́ di 512. Gbàrà tí VM bá ti tan ni kí a yà á sọ́tọ̀ pẹ̀lú dpdk-hugepages.py --setup 2G, torí bó bá pẹ́, mẹ́mọ́rì á ti fọ́nká, àyè gbọọrọ á ti ṣọ̀wọ́n.

Lórí sáfà ẹni, IOMMU, ẹ̀ṣọ́ mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ, ni kì í jẹ́ kí káàdì kọ nǹkan síbi tí kò kàn án, vfio-pci, dírafà tí a fi ń so káàdì mọ́ DPDK, sì gbára lé e. Ọ̀pọ̀ VM kò ní in, nítorí náà vfio-pci á kọ̀ jálẹ̀ títí a ó fi kọ 1 sínú ètò rẹ̀ tó ń jẹ́ enable_unsafe_noiommu_mode. Unsafe (tó léwu) tó wà nínú orúkọ yẹn, òótọ́ ni: àṣìṣe kékeré nínú ètò wa lè jẹ́ kí káàdì kọ nǹkan lé mẹ́mọ́rì kernel lórí. Kí dátà ẹnikẹ́ni má sí lórí VM bẹ́ẹ̀. Lórí Azure ti Microsoft, ọ̀nà náà yàtọ̀, torí VMBus, ọ̀nà tí VM fi ń bá ẹ̀rọ tó gbé e sọ̀rọ̀, ni netvsc, káàdì nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀, ń gbà. Dírafà uio_hv_generic ni a ń so ó mọ́. Lórí Amazon, bí VM yóò bá máa ta pákẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn látaré, a gbọ́dọ̀ pa source/destination check (àyẹ̀wò pé VM gan-an ló fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ tàbí ló yẹ kó gbà á), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á sọnù láìsí ìkìlọ̀.

Testpmd, ètò ìdánwò tó bá DPDK wá, ni kí a kọ́kọ́ fi dán gbogbo rẹ̀ wò. Bí iye pákẹ́ẹ̀tì bá dúró lójú kan tí kò lọ sókè mọ́, kí a tẹ show port xstats 0 láti rí ìṣirò káàdì náà. Lórí káàdì ENA ti Amazon, bí pps_allowance_exceeded bá ń pọ̀ sí i, kóòdù kọ́ ló ṣẹ̀: VM ti dé òpin pákẹ́ẹ̀tì tí Amazon fún irú rẹ̀, VM tó tóbi jù ló kù.

DPDK kò sì ní mú ọ̀nà òkun kúrú. Láti Àjàṣẹ́ sí Paris tàbí sí Cape Town, ó tó 4,700 kìlómítà tààrà. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fíbà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kò lè dín sí mílísẹ́kọ́ǹdù 47. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ẹ̀rọ tó ń ta pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ àti èyí tó ń gbà á jọ wà nínú cloud (àwọn sáfà ilé-iṣẹ́ tó ń yáni ní VM) kan náà, kí ti Àjàṣẹ́ máa fi SSH darí wọn nìkan.